Eyín Kò Sí Nínú Ìwé Náà

Ní Ipswich, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
aago márùn-ún kò tíì lù, òjò wínníwínní ń sẹ̀,
mo ti wà lórí ìlà níwájú ilé oníṣègùn eyín tuntun
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe.
Ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ló ṣáájú mi. Mo kà wọ́n.
Kálukú fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó jí ẹran jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, eyín ń dùn mí.
Ẹ̀yìn kọ́. Ìyẹn ti mọ́ mi lára.
Eyín ni.
Láti Kérésìmesì, ẹyin tí a sè rọ̀ nìkan ni mò ń jẹ.

Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba:
a ó yẹ ojú rẹ wò lọ́fẹ̀ẹ́,
a ó fún ọ lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́.
Nígbà tó yá, káàdì bọ́ọ̀sì náà dé, tòun ti àwòrán mi.
Mo yí ìwé náà síwájú, mo yí i sẹ́yìn,
mo ní, eyín ńkọ́?
Ta ló gé orí mi sí méjì,
tó fi ojú fún ìjọba, tó fi eyín sílẹ̀ fún àpò mi?

Mo kọ fọ́ọ̀mù ìrànwọ́. Wọ́n ṣírò mi.
Wọ́n ní pọ́n-ùn mẹ́rin ni mo fi ju tálákà lọ.
Pọ́n-ùn mẹ́rin lọ́sẹ̀! Owó búrẹ́dì
tí n kò lè fi eyín gé.

Èmi Àrínpé, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ òru
ní wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó.
Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ìbánigbófò kí n tó fojú kan owó mi.
Iṣẹ́ mi ni kí n gba eyín lẹ́nu wọn lálẹ́,
kí n fọ̀ ọ́, kí n gbé e sínú ife, kí n kọ orúkọ sára ife.
Mo mọ eyín Ọ̀gbẹ́ni Garrod, tí tábà ti pa láró.
Mo mọ ti Mísìs Thurlow, wínníwínní bí ọmọ àgbàdo.
Lóru ọjọ́ kan mo gbé ti ọ̀kan fún èkejì.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Garrod fi ẹ̀rín obìnrin rẹ́rìn-ín sí mi,
gbogbo wọ́ọ̀dù fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Doreen tí a jọ pín ògiri kò dúró de ìlà kankan.
Ó gbé ọtí líle mì, ó mú ẹ̀mú ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé,
ó fa tirẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ.
Inú páálí ìṣáná ló tọ́jú rẹ̀ sí. Ó fi hàn mí.
Ó ní èmi náà, wá. Mo ní rárá o.
Èyí tó ń dùn mí ni òpó apá òsì èjì mi,
èjì tí Láoyè torí ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Leeds.
Bí òpó bá wó, ta ni yóò tún pe àlàfo ní èjì?

Fìkáyọ̀ ọmọ ọmọ mi, lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú,
gbé nǹkan sókè, ó ní, kí ni wọ́n ń pe èyí ní Yorùbá?
Mo ní "ṣíbí", afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ jáde.
Ọmọ náà pè é bí mo ti pè é gan-an, tòun ti afẹ́fẹ́.
Ìyẹn ló gbé mi dìde láago mẹ́rin.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Ìlà rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì.
Ọmọbìnrin kan jáde pẹ̀lú bébà lọ́wọ́,
ó ní àádọ́ta ni àwọn lè gbà lónìí.
Kò sẹ́ni tó kúrò.
Bàbá tó wà níwájú mi yíjú padà, ó la ẹnu,
ó fi ìka tọ́ka sí èyí tó ń dùn ún,
bí ẹni ń fi ilé han àlejò.
Èmi náà la tèmi.